ẸSẸ̀ ÀGBÉBỌ̀: Ẹ WÒ Ó KÍ Ẹ TÓ WÁ OÒGÙN

 

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé: «Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.» Òtítọ́ ni. Adìẹ kì í sọ̀rọ̀. Bí ara bá ń ro ó, a kì í tètè mọ̀. Ìgbà tí ó bá ń tiro lójú wa ni a máa ń sọ pé: «Háà! Kí ló ṣe adìẹ yìí?»

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ adìẹ, pàápàá ẹsẹ̀ àgbébọ̀ tí ó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

ÀGBÉBỌ̀ DÚDÚ ÌYÁ MI

Ìyá mi ní àgbébọ̀ dúdú kan. Ó ti lé ní ọdún 4. Adìẹ yìí mọ ọmọ tọ́. Bí ó bá pa ọmọ 10, ó máa ń tọ́ 7 tàbí 8 dàgbà. Àwọn àgbébọ̀ kékeré kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòdì a gbé ọmọ wọn, òjò a pa ọmọ wọn. Owó ọmọ àgbébọ̀ dúdú yìí ni ìyá mi fi ń ra ìwé àti bíìkì fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo rí i pé adìẹ náà ń tiro. Ó ń gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Kí ni mo ṣe? Mo lọ sí ọjà. Mo ra oògùn oníhóró kan tí wọ́n ń tà lórí àtẹ fún ènìyàn. Apá kan rẹ̀ pupa, apá kejì dà bí àwọ̀ àgbàdo. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo tú u sínú omi adìẹ náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 5. Adìẹ náà kò sàn. Ó wá ń jókòó sójú kan.

Ìyá mi bi mí pé: «Ọmọ mi, ṣé o ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀?»

Mo dáhùn pé: «Ẹ má ṣe ìyọnu, Ìyá. Mo ti fún un ní oògùn.»

Ó ní: «N kò bi ọ́ léèrè oògùn. Ẹsẹ̀ ni mo bi ọ́.»

Ó gbé adìẹ náà. Ó dà á dé sórí itan ara rẹ̀. Ó la àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwú ni! Òwú dúdú tí àwọn obìnrin fi ń di irun ti lọ́ mọ́ ìka kan. Ó ti wọ inú ẹran. Ìka náà ti dúdú, ó ti kú. Ìyá mi rọra fi abẹ gé òwú náà kúrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ìka náà já bọ́, ṣùgbọ́n adìẹ náà yè. Bí mo bá ti wò ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, ìka náà ì bá má já.

Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo mọ orúkọ egungun ẹsẹ̀ adìẹ lédè Faransé. Ìyá mi kò lọ sí ilé ìwé rí. Síbẹ̀, òun ni ó wo ẹsẹ̀, èmi kò wò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn ní kíláàsì wa pé: ẹ wo ẹsẹ̀ kí ẹ tó wá oògùn.

KÍ NI ÀÌSÀN ẸSẸ̀ Ń BÀ JẸ́?

Adìẹ ìbílẹ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin nígbà tí ó bá tó bí oṣù 6 tàbí 7. Bí nǹkan kan kò bá pa á, ó lè lo ọdún 5, kódà ó lè lo ọdún 8. Láti bí ọdún 3 tàbí 4, ẹyin rẹ̀ á máa dín kù. Ṣùgbọ́n ó ṣì lè sàba dáadáa fún ọjọ́ 21. Ó mọ ibi tí oúnjẹ wà. Ó mọ ìgbà tí àwòdì ń bọ̀. Àgbà ni láàárín àwọn adìẹ.

Oko ni ilẹ̀ jẹ́ fún adìẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni ọkọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń wa ilẹ̀ kí ó tó rí kòkòrò jẹ. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, kò ní jẹun yó. Àwọn adìẹ yòókù á máa ṣá a lẹ́nu. Àkùkọ á máa gùn ún, kò sì ní lè sá. Á rù, kò ní yé ẹyin mọ́. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń pàdánù àgbébọ̀ tí ó dára jù lọ, nígbà tí ọṣẹ àti òrí ì bá ti wò ó sàn.

BÍ A ṢE Ń WO ẸSẸ̀ ADÌẸ

Ẹ má ṣe lé adìẹ kiri lọ́sàn-án. Adìẹ àgbà tí a ń lé lè ṣubú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún burú sí i. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Nígbà tí ó bá ti lọ sùn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ rọra gbé e. Ẹ di ìyẹ́ apá rẹ̀ mú kí ó má baà fò. Ẹ gbé e lé itan yín, kí ẹ sì dojú rẹ̀ sókè. Ẹ má tẹ àyà rẹ̀, kí ó lè mí dáadáa.

Ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ fi èyí tí ó dára wé èyí tí ó ń dùn ún. Ẹ wo ibi 5 yìí:

1. Ìpẹ́ ẹsẹ̀. Ṣé ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó sì ń dán? Tàbí ó gbé sókè, tí nǹkan funfun wà lábẹ́ rẹ̀?
2. Àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣé ó wú? Ṣé èépá dúdú wà níbẹ̀?
3. Àárín ìka àti èékánná. Ṣé òwú, irun tàbí okùn wà níbẹ̀? Ṣé èékánná ti gùn jù?
4. Oríkèé. Ṣé ó wú? Ṣé ó gbóná ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ?
5. Egungun, láti itan dé ìsàlẹ̀. Ṣé ibì kan wà tí ó ń yẹ̀ lọ́wọ́ yín bí igi tí ó ti ṣẹ́?

Bí ẹ bá ti wo ibi 5 yìí, ẹ ó ti mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

BÍ ÌPẸ́ ẸSẸ̀ BÁ GBÉ SÓKÈ

Ẹ ti rí adìẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí ó rí ṣákaṣàka bí ẹni tẹ eérú? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ogbó ni. Kì í ṣe ogbó. Kòkòrò ni.

Kòkòrò yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa kò lè rí i. Ó ń gbẹ́ ihò sábẹ́ ìpẹ́ ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni ó ń gbé, ibẹ̀ ni ó ń bímọ sí. Ìdọ̀tí rẹ̀ ni ó ń ti ìpẹ́ sókè. Adìẹ àgbà ni ó máa ń ní i jù. Ó ń ràn láti ara adìẹ kan sí òmíràn nígbà tí wọ́n bá jọ ń sùn lórí igi kan náà. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, adìẹ á máa tiro, ìka rẹ̀ lè já.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ wá omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó ti gbó, àkísà mímọ́, àti òrí. Bí kò bá sí òrí, ẹ lè lo àdí, epo pupa tàbí fasilíìnì.

• Ẹ ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi ọṣẹ fún bí ìṣẹ́jú 10.
• Ẹ rọra fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ má fi èékánná ṣí ìpẹ́ kúrò. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á jáde.
• Ẹ nù ún gbẹ.
• Ẹ fi òrí pa ẹsẹ̀ náà dáadáa, láti ìka dé oríkèé, kí ó wọ abẹ́ ìpẹ́.

Kí ni òrí ń ṣe? Ó ń dí ihò kòkòrò náà. Kòkòrò náà kò ní rí afẹ́fẹ́ mí mọ́, á kú. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán. Ẹ ṣe é fún gbogbo adìẹ tí ó jọ ń sùn. Bí ẹ bá ṣe é fún ọ̀kan ṣoṣo, àwọn yòókù á tún kó o ràn án. Ẹ fi omi gbígbóná fọ igi tí wọ́n ń sùn lé, tàbí kí ẹ sun ún, kí ẹ fi igi tuntun sí i.

Ẹ mú sùúrù. Kòkòrò lè ti kú, kí ẹsẹ̀ má tíì dán. Ìpẹ́ tuntun máa ń gba oṣù díẹ̀ kí ó tó hù.

Àwọn kan ń fi epo àtùpà, ẹsáǹsì tàbí epo mọ́tò tí a ti lò pa ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Òtítọ́ ni pé ó ń pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n ó ń bó ara adìẹ bí iná. Adìẹ tún ń fi ẹnu kan ẹsẹ̀ rẹ̀, májèlé náà á wọ inú rẹ̀. Òrí ń ṣe iṣẹ́ náà láìpa adìẹ lára.

BÍ ÀTẸ́LẸSẸ̀ BÁ WÚ

Bí ẹ bá rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ wú, tí èépá dúdú sì wà ní àárín rẹ̀, egbò ni ó di ọyún.

Báwo ni ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Nǹkan kékeré ni ó máa ń gún adìẹ lẹ́sẹ̀: ẹ̀gún, ìgò fífọ́, òkúta mímú. Ní àgbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ tí òkúta pọ̀, ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń gé ẹsẹ̀. Ní apá Àjàṣẹ́, omi ni. Nígbà òjò, ilẹ̀ á rin gbingbin, ìgbẹ́ adìẹ á di ẹrẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó ń tẹ ẹrẹ̀ lójoojúmọ́ á rọ̀, á là, ìdọ̀tí á wọ ibẹ̀. Adìẹ tí ó sanra, tí ó sì ń fò sílẹ̀ láti orí igi gíga, máa ń ní egbò yìí pẹ̀lú.

Ọyún adìẹ kì í ṣàn bí ti ènìyàn. Ó máa ń le bíi wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà. Nítorí náà, ẹ má fún un. Kò ní jáde. Ńṣe ni ẹ ó tì í wọ inú ẹsẹ̀. Ẹ má sì fi abẹ la ẹsẹ̀ náà fúnra yín.

Ẹ ṣe báyìí:

• Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ yín. Kòkòrò àrùn inú egbò yìí lè wọ egbò ara ènìyàn.
• Ẹ po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 15.
• Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ kán oògùn egbò sí i, irú Bétadine tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn.
• Ẹ fi àkísà mímọ́ dì í. Ẹ má fún okùn rẹ̀ jù, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ.
• Ẹ fi adìẹ náà sí ibi gbígbẹ, lórí koríko gbígbẹ tàbí èèpo ìrẹsì.
• Ẹ tú u, kí ẹ tún un ṣe lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

Bí ẹ bá tètè rí i, ó máa ń sàn. Bí ó bá ti tóbi, tí ẹsẹ̀ gbóná, tí adìẹ kò sì jẹun mọ́, ẹ pe dókítà ẹran. Òun ni ó mọ bí a ti ń la á.

BÍ NǸKAN BÁ LỌ́ MỌ́ ÌKA, TÀBÍ TÍ ÈÉKÁNNÁ GÙN JÙ

Ti òwú, ẹ ti gbọ́ tèmi. Ẹ gé e lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, kí ẹ sì fi oògùn egbò sí ojú ibẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ń di irun ní àgbàlá, ẹ kó òwú àti irun nílẹ̀ kí ẹ tó dìde. Àwọ̀n ẹja tí ó ti gbó àti okùn àpò náà ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí.

Adìẹ àgbà tí kì í rìn púpọ̀ mọ́, èékánná rẹ̀ máa ń gùn, á sì tẹ̀. Ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gé e jìn, nítorí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo tẹ ibẹ̀ títí yóò fi dá.

BÍ ẸSẸ̀ KÒ BÁ LÁGBÁRA, TÍ A KÒ SÌ RÍ EGBÒ

Nígbà mìíràn, ẹ ó wo ẹsẹ̀ tán, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Síbẹ̀ adìẹ náà kò lè dúró pẹ́. Ẹ bi ara yín léèrè pé: ṣé ó ń yé ẹyin? Báwo ni èèpo ẹyin rẹ̀ ti rí?

Èèpo ẹyin àti egungun, nǹkan kan náà ni ó ń mú wọn le. Bí àgbébọ̀ kò bá rí nǹkan yìí tó nínú oúnjẹ rẹ̀, á mú un láti inú egungun ara rẹ̀ kí ó fi ṣe èèpo ẹyin. Bí ó ti ń yé ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni egungun rẹ̀ ń di aláìlágbára. Àmì rẹ̀ ni ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ tàbí tí ó rọ̀.

Ẹ gún ìkaràhun ìgbín tàbí ìkaràhun etí ọ̀sà, kí ó kúnná bí iyọ̀ oníhóró. Èèpo ẹyin náà dára, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yan án, kí ẹ gún un dáadáa. Bí adìẹ bá mọ̀ pé ẹyin ni, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹyin ara rẹ̀. Ẹ fi í sínú àwo ọ̀tọ̀. Ẹ má pò ó mọ́ oúnjẹ gbogbo agbo, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, ó ń pa kíndìnrín àwọn òròmọdìẹ lára. Àgbébọ̀ tí ó nílò rẹ̀ á jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí adìẹ máa yá oòrùn pẹ̀lú. Láìsí oòrùn, ara kì í lè lo ìkaràhun náà dáadáa.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí àgbébọ̀ bá dúró gangan, tí ó sọ ìrù sílẹ̀, tí ó ń tẹnu mọ́ ìgbẹ́ tí kò sì rí nǹkan ṣe, ó lè jẹ́ pé ẹyin ni ó há a. Ó lè dà bí àìsàn ẹsẹ̀. Ẹ gbé e jókòó sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ó dé ikùn rẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi àdí pa ẹnu ihò ìdí rẹ̀. Ẹ fi í sí ibi tí ó ṣókùnkùn tí ariwo kò sí. Ẹ má fi ọwọ́ fọ́ ẹyin náà sí i nínú. Bí kò bá yé e kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ wá dókítà ẹran.

BÍ ORÍKÈÉ BÁ WÚ

Gẹ́gẹ́ bí orúnkún àwọn àgbà ṣe ń ro wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé adìẹ àgbà ṣe ń ro ó. Kò sí oògùn tí ó lè sọ ọ́ di ọmọdé padà. Ṣùgbọ́n a lè mú ara tù ú.

Àwọn àgbà ní: «Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.» Ẹ wo igi tí adìẹ yín ń sùn lé. Ṣé kì í ṣe okùn ni ẹ fún un? Igi tí ó tín-ín-rín, tí ó rí pálapàla, tí ó sì ga, ń ba ẹsẹ̀ jẹ́. Ẹ wá igi tí ó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ 3, tí kò ní ẹ̀gún. Ẹ gbé e sí ibi tí kò ga ju orúnkún ènìyàn lọ. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi súnmọ́ ọn. Bí àkùkọ bá ń dà á láàmú, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Oríkèé tún lè wú nítorí pé kíndìnrín adìẹ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Nǹkan funfun bí ẹfun á máa kó jọ sínú oríkèé. Èyí kì í sàn. Ṣùgbọ́n àìrí omi mu ń mú un burú sí i. Ẹ̀yin ará Kétu, a mọ bí omi ṣe ń wọ́n lórí ilẹ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Adìẹ ni a máa ń gbàgbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bu omi mímọ́ sínú àwo amọ̀, ẹ gbé e sábẹ́ ibòjì, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹ gé ewé tẹ̀tẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀.

BÍ EGUNGUN BÁ ṢẸ́

Bí egungun ìsàlẹ̀ bá ṣẹ́ tí awọ kò là, ẹ na ẹsẹ̀ náà tọ́. Ẹ fi àkísà wé e, ẹ fi igi pẹlẹbẹ 2 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dì í. Ẹ fi adìẹ náà sí ibi tóóró tí kò ti ní lè rìn púpọ̀. Egungun ẹyẹ máa ń tètè jò. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 3, ẹ tú u wò. Bí egungun bá ti yọ síta, ìyà ni ẹ ó fi jẹ ẹ́. Ó sàn kí ẹ pa á.

ÌGBÀ TÍ KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ ẸSẸ̀

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Gbogbo ohun tí a ti sọ, adìẹ kan tàbí méjì ni ó máa ń ṣe. Àìsàn kan wà tí ó máa ń gba inú ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń pa gbogbo agbo.

Bí ọ̀pọ̀ adìẹ bá rọ lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọrùn wọn ń yí, tí ìgbẹ́ wọn dà bí omi ewé, tí wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àrùn tí ó máa ń jà nígbà ọyẹ́ ni. Àwọn dókítà ẹran ń pè é ní Newcastle. Òrí kò lè wò ó. Oògùn kankan kò lè wò ó. Àjẹsára nìkan ni ó ń dènà rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí àrùn tó dé. Ẹ bi dókítà ẹran léèrè ọjọ́ tí yóò wá sí abúlé yín, kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí adìẹ tí kò tíì pé ọdún kan bá na ẹsẹ̀ kan síwájú, tí ó na èkejì sẹ́yìn, àrùn mìíràn ni. Wọ́n ń pè é ní Marek. Òun náà kò ní oògùn. Ẹ yà á kúrò láàárín àwọn yòókù.

Àrùn gíríìpù adìẹ náà wà. Ní ọdún 2007, wọ́n rí i lára adìẹ ní ilẹ̀ Tógò àti ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó lè ran ènìyàn, ó sì lè pa ènìyàn. Nítorí náà, bí adìẹ púpọ̀ bá ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé wọn. Ẹ má jẹ wọ́n. Ẹ má tà wọ́n lọ́jà. Ẹ sọ fún olórí abúlé àti dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé jìnnà sí wọn.

OÒGÙN ÈNÌYÀN KÌ Í ṢE OÒGÙN ADÌẸ

Ẹ rántí oògùn oníhóró tí mo rà. Owó ni mo sọ nù, ọjọ́ 5 ni mo sì sọ nù. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Oògùn tí adìẹ mu máa ń wà nínú ẹyin àti ẹran rẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ́, àwa náà ti mu oògùn náà láìmọ̀. Tí a bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, kòkòrò àrùn á mọ oògùn náà lójú. Ní ọjọ́ tí ọmọ wa bá ṣàìsàn, oògùn náà lè má ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Bí dókítà ẹran bá fún adìẹ yín ní oògùn, ẹ bi í léèrè pé: «Ọjọ́ mélòó ni kí a dúró kí a tó jẹ ẹyin rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni kí a dúró kí a tó pa á jẹ?» Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n kọ nísinsìnyí. Ẹ lo ìwé yín fún adìẹ yín pẹ̀lú. Ẹ lè kọ báyìí:

Àgbébọ̀ pupa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìpẹ́ gbé sókè.
Ọjọ́ 1: mo fọ̀ ọ́, mo fi òrí pa á.
Ọjọ́ 4: mo tún un ṣe.
Ọjọ́ 8: mo tún un ṣe. Kò tiro mọ́.

Ìwé kékeré yìí á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́.

NÍGBÀ TÍ ÌTỌ́JÚ KÒ BÁ ṢIṢẸ́ MỌ́

Ọjọ́ kan á dé tí àgbébọ̀ kò ní lè dúró mọ́, tí kò ní lè jẹun mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó jìyà pẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ogbó tàbí egungun ṣíṣẹ́ nìkan ni, tí ó ń jẹun títí di òní, tí kò sì mu oògùn, ẹ lè pa á jẹ. Bí ó bá jẹ́ ọyún ni ó ti tàn ká, tàbí tí ó ti ń ṣàìsàn kí ó tó kú, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ gbẹ́ ihò jíjìn, jìnnà sí kànga, ẹ sin ín.

Àgbébọ̀ dúdú ìyá mi tún pa ọmọ ní ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn tí ìka rẹ̀ já. Ìka 3 ni ó kù ní ẹsẹ̀ òsì, ṣùgbọ́n ó fi wọ́n wa ilẹ̀. Ìyá mi máa ń gbé e wò ní alaalẹ́ ọjọ́ ọjà. Bí mo bá wà nílé, èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ẹ̀yin ará, lálẹ́ òní, bí adìẹ bá ti wọlé, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì yín. Ẹ gbé àgbébọ̀ yín tí ó dàgbà jù. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A JỌ SỌ Ọ́

1. Kí ni ó dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ lé adìẹ àgbà kiri lọ́sàn-án?
2. Ibi 5 wo ni a máa ń wò lára ẹsẹ̀ adìẹ?
3. Kí ni òrí ń ṣe sí kòkòrò abẹ́ ìpẹ́? Kí ni ó dé tí epo àtùpà kò fi dára?
4. Ní abúlé yín, kí ni ó ń pa ẹsẹ̀ adìẹ lára jù: òkúta, ẹrẹ̀, òwú, tàbí igi tí wọ́n ń sùn lé? Kí ni ẹ lè ṣe sí i lọ́sẹ̀ yìí?
5. Adìẹ 6 rọ lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ kan náà nílé aládùúgbò yín. Kí ni ẹ ó sọ fún un?
6. Ẹ kọ ìlà 3 sínú ìwé yín nípa ẹsẹ̀ àgbébọ̀ tí ẹ wò lálẹ́ àná.